Ẹ̀kúnwọ́ Kòkó Oyèdèjì

Wọ́n ní ọtí ló ń ṣe Oyèdèjì. Wọ́n tún ní ìgbéraga ni. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní ìgboyà ni. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀bùnọlá, ìyàwó rẹ̀, sọ fún wọn títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ pé ara ọkọ òun ni kò yá. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Àìsàn kò dùn ún sọ tó ìjà.

Ará Ìragbìjí ni Oyèdèjì. Ọdún kejì tí ìwé ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ló dé ilẹ̀ Odigbo, òun àti àdá kan, ẹní kan, àti ìyàwó tí kò tíì lò tó oṣù mẹ́ta nílé rẹ̀. Fádáre àgbà, tó ni ilẹ̀, mú un lọ sí ẹ̀yìn Ajue, ó na ọwọ́ sí igbó kan tí oòrùn kì í kan ilẹ̀ rẹ̀, ó ní kí ó máa bẹ̀rẹ̀. Oyèdèjì bẹ̀rẹ̀. Òun ń gé igbó, Ẹ̀bùnọlá ń kó ẹ̀ka jọ, ó ń sun ún. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gbágùúdá ni wọ́n jẹ fún ọdún márùn-ún kí kòkó tó so. Oyún méjì bàjẹ́ lára Ẹ̀bùnọlá nínú igbó yẹn. Ọmọ kan ṣoṣo tó dúró, Báyọ̀, dàgbà lábẹ́ igi kòkó. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, tí gbogbo ọ̀dọ́ ń sá kúrò lóko, òun náà lọ sí Wàrì, ó lọ ń wa katapílà fún àwọn tó ń la ọ̀nà. Oyèdèjì kò bínú. Ó ní kòkó òun kò lẹ́sẹ̀ tó lè fi sá tẹ̀lé e.

Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kì í mu ẹmu, kì í mu ògógóró. Ó ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn rẹ̀ kò dára, òun nìkan ni kò mọ̀. Bí ó bá rí igi kòkó tí ẹ̀ka rẹ̀ ń kú, a máa dúró tì í bí ẹni tó ń bá a kẹ́dùn. Oko yẹn ni ayé rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á, kò sí ibi tó ń lọ. Ìragbìjí ti gbàgbé rẹ̀.

Àṣà kan wà lórí ilẹ̀ Fádáre. Nínú oṣù Kejìlá, gbogbo àlejò tó ń dáko níbẹ̀ a ru àpò kòkó kọ̀ọ̀kan lọ sí Odigbo. Ìṣákọ́lẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n wọn kì í kàn já àpò kalẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Àlejò a tú ẹnu àpò, a fi ọwọ́ ọ̀tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan, a dọ̀bálẹ̀, a sì da ohun tó bù náà sí àtẹ́lẹwọ́ onílẹ̀. Onílẹ̀ a gbóòórùn rẹ̀, a fi hóró kan sẹ́nu, a ní, "Ó gbẹ." Ìgbà náà ni wọ́n tó ń gbé àpò wọlé. Ẹ̀kúnwọ́ ni wọ́n ń pe èyí. Ẹni tó bá ti da ẹ̀kúnwọ́ ti jẹ́wọ́ pé òun ló gbin kòkó, òun kọ́ ló ni ilẹ̀. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Oyèdèjì fi da ẹ̀kúnwọ́ láìsí wàhálà.

Àtàǹpàkò ọ̀tún ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbọ̀n bí ìka ẹni tó ń fọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Bí Oyèdèjì bá jókòó jẹ́ẹ́, á máa gbọ̀n. Bí ó bá fi mú àdá, á dúró. Oyèdèjì ní àárẹ̀ ni. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn ìka yòókù kó wọ inú àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n di ẹ̀ṣẹ́, wọn kì í fẹ́ tú. Ìgbà mìíràn apá náà á dédé gbéra sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ká lọ́rùn ọwọ́, bí apá ẹni tó gbé ọmọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Bàtà ẹsẹ̀ náà jẹ ju ìkejì lọ. Tó bá jí láàárọ̀, orí á máa fọ́ ọ títí oòrùn á fi yọ dáadáa. Fìlà rẹ̀ kò wọlé mọ́. Ó ní òjò ló mú kó súnkì.

Gàzálì ni oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà. Ará Ọ̀kẹ́nẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí ọwọ́ náà tó ń gbọ̀n, ó ní, "Bàbá Báyọ̀, agogo ta lẹ ń lù? Ọjọ́ Ìsinmi ṣì jìnnà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, Oyèdèjì náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Gàzálì ní oògùn tí wọ́n ń fín sí kòkó ló wọ̀ ọ́ lára. Gbogbo àgbẹ̀ tó wà ní Ajue ló mọ ẹ̀rọ̀ oògùn yẹn: epo pupa ni. Wọ́n ní kí ó máa mu ún ní ife kọ̀ọ̀kan láàárọ̀. Oyèdèjì mu epo pupa fún oṣù mẹ́jọ. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sàn. Bí ó bá sì dé Ore, tí àwọn ọmọ gáréèjì rí bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀, wọ́n á ní bàbá yìí ti tún gbé e sẹ́nu. Ẹni tí ọtí kò kan ètè rẹ̀ rí.

Ọdún yẹn náà ni ìjọba ológun ṣe òfin ilẹ̀. Rédíò sọ ọ́. Àwọn àlejò ní ìjọba ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀, ìṣákọ́lẹ̀ ti parí. Àwọn onílẹ̀ ní kí ẹni tó bá tó bẹ́ẹ̀ dán an wò. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ka òfin náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni onílẹ̀ ti ń wo ojú àlejò, tí àlejò ń wo ojú onílẹ̀.

Fádáre àgbà ti kú nígbà náà. Akínwọlé, ọmọ rẹ̀, ló jókòó sórí àga. Agbaṣẹ́ṣe ni, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, ó padà wálé pẹ̀lú Píjò funfun, wọ́n sì fi í jẹ oyè. Ìgbà tí Oyèdèjì dé Odigbo, Akínwọlé kò ju ọmọ tó ń ju òkò sí máńgòrò lọ. Oyèdèjì ti gbé e kọjá odò léjìká rí. Ní báyìí, Akínwọlé ń sọ fún un pé "ìwọ", Oyèdèjì sì ń sọ fún un pé "ẹ̀yin". Ilẹ̀ ló fa èyí.

Nígbà tí oṣù Kejìlá ń bọ̀, Ẹ̀bùnọlá ní kí ọkọ òun kọ́kọ́ lọ bá Olóyè, kí ó fi ọwọ́ náà hàn án. Oyèdèjì kọ̀. Ó ní wọ́n á ní òun ń wá àwáwí. Ẹ̀bùnọlá ní kí òun lọ dà á fún un. Ó ní obìnrin kì í dà á. Nítorí náà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọwọ́ náà bí ẹni ń kọ́ ọmọ. Ìyàwó á jókòó sórí àpótí níwájú ilé, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọkọ á bu hóró kòkó, á na apá. Ẹ̀ẹ̀kan nínú márùn-ún ni ọwọ́ náà máa ń ṣí. Nígbà tó bá ṣí, àwọn méjèèjì á dákẹ́, wọn kò ní fẹ́ mí, kí ó má baà gbọ́.

Ọjọ́ náà pé. Àwọn àlejò bí ogójì wà ní agbo ilé Fádáre ní Odigbo. Ẹ̀bùnọlá wà lẹ́yìn, láàárín àwọn obìnrin. Ó kan Oyèdèjì. Ó rìn jáde, ẹsẹ̀ ń wọ́. Ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ inú àpò, ó bu ẹ̀kúnwọ́. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ara kò gbà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún le bí pákó. Eékún kan ló kàn kanlẹ̀. Akínwọlé tẹ́ ọwọ́. Oyèdèjì na tirẹ̀.

Ọwọ́ náà kò ṣí.

Ó wà lókè àtẹ́lẹwọ́ Olóyè, ó di ẹ̀ṣẹ́ gírígírí, ó ń gbọ̀n. Hóró kòkó kan jábọ́ láàárín ìka, ó bọ́ sílẹ̀. Àwọn yòókù wà nínú rẹ̀. Ẹ̀bùnọlá rí i láti ẹ̀yìn bí iṣan ọrùn ọkọ rẹ̀ ṣe yọ. Akínwọlé rí ẹ̀ṣẹ́ níwájú imú rẹ̀, ní ọdún tí wọ́n ní ìjọba gba ilẹ̀, níwájú ogójì àlejò. Ni Oyèdèjì bá fi ọwọ́ òsì tú ìka ọ̀tún ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òógùn bo ojú rẹ̀, ó kó kòkó náà sí ọwọ́ òsì, ó sì fi òsì náà dà á sọ́wọ́ onílẹ̀.

Akínwọlé gbọn kòkó náà dànù.

"A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni," ó ní. "Ìwọ fi tìẹ da ẹ̀kúnwọ́ ilẹ̀ baba mi. O kọ́kọ́ fi ẹ̀ṣẹ́ hàn mí, o tún fi òsì hàn mí."

Oyèdèjì ní ọwọ́ òun ni kò dáa. Akínwọlé ní ọwọ́ tó ń ká kòkó láti ọjọ́ yìí wá dáa tó. Ó ní kí ó gbé àpò rẹ̀, kí ó sì má wọ oko mọ́. Àwọn àgbà bẹ̀ ẹ́. Ó sọ ọ́ di oṣù mẹ́ta: kí Oyèdèjì padà wá nínú oṣù Kẹta, kí ó wá da ẹ̀kúnwọ́ bó ṣe yẹ, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, ní ìdọ̀bálẹ̀. Tí kò bá wá, tàbí tí ọwọ́ kò bá ṣí, oko ti bọ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi ọ̀dà pupa kun igi kòkó tó wà lẹ́nu ọ̀nà oko, àmì pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́.

Bí ìwà onílẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Èyí tó dun Ẹ̀bùnọlá jù ni tàwọn ọ̀rẹ́. Kí wọ́n tó dé Ajue, òkìkí ti ṣáájú wọn. Àwọn àlejò ń ti ẹ̀yìn igi jáde wá kí Oyèdèjì. Àwọn tí kì í wá sọ́dọ̀ wọn gbé iṣu wá. Wọ́n ní akọ ọkùnrin ni. Gàzálì di ẹ̀ṣẹ́ tirẹ̀, ó gbé e sókè, ó ní, "Bàbá Báyọ̀, ẹ bá wa sọ ọ́." Oyèdèjì ní òun kò sọ nǹkan kan, àìsàn ni. Gàzálì ṣẹ́jú sí i. Ó ní, "Ó yé wa, bàbá. Àìsàn náà ni. Irú àìsàn yẹn ló yẹ kó mú gbogbo wa." Láti ọjọ́ yẹn, bí àwọn àlejò bá pàdé ara wọn lọ́nà oko, ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n fi ń kíra.

Ẹ̀bùnọlá wo gbogbo wọn. Onílẹ̀ rí ẹ̀ṣẹ́, ó bínú. Àlejò rí ẹ̀ṣẹ́, inú rẹ̀ dùn. Ọwọ́ èèyàn ló wà níbẹ̀, ọwọ́ tó gbé òun kọjá ẹnu ọ̀nà ní Ìragbìjí, tí kò lè mú ṣíbí mọ́. Òun ló ń bọ́ bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀. Òun ló ń gé ẹran fún un. Kò sí ẹni tó béèrè pé báwo ni bàbá ṣe ń jẹun.

Ẹni tó béèrè ni Elizabeth, nọ́ọ̀sì tó wà ní dìsípẹ́ńsárì Odigbo. Ẹ̀bùnọlá ló mú ọkọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ nínú oṣù Kìn-ín-ní, nígbà tí epo pupa ti sọ ọ́ di egungun. Ọmọbìnrin náà kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún. Ó ní kí Oyèdèjì rìn dé ẹnu ọ̀nà kí ó padà. Ó wo apá tí kì í fì. Ó ní kí ó ṣí fìlà. Ó fi ìka wá orí rẹ̀ bí ẹni ń wá iná orí ọmọ, ó dúró ní apá òsì, lókè etí. Ó fa ọwọ́ Ẹ̀bùnọlá síbẹ̀. Egungun ibẹ̀ wú. Ó le, kò dùn ún, ó dà bí ìdajì ẹyin tí wọ́n fi awọ bò.

"Láti ìgbà wo lèyí ti wà níbí, Mà?"

Ẹ̀bùnọlá kò mọ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń wo orí náà. Fìlà ló mọ̀, wọ́n sì ní òjò ló ṣe fìlà. Elizabeth kò bú wọn. Ó kọ ìwé fún wọn, ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìbàdàn, kí wọ́n má lọ síbòmíì.

Ní Ìbàdàn, wọ́n jókòó lórí bẹ́ńṣì fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó pè wọ́n. Wọ́n ya fọ́tò orí Oyèdèjì. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ lọ́rùn, wọ́n tún yà á. Dókítà gbé fọ́tò náà sí iwájú iná. Ọmọ Yorùbá ni, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, Ẹ̀bùnọlá sì kọ́ ọ sórí bí ẹsẹ Bíbélì. Ó ní ẹran kan hù sábẹ́ egungun agbárí. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í tàn kálẹ̀, kì í jẹ ara. Ibẹ̀ náà ló jókòó sí, ó ń dàgbà díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tẹ ọpọlọ. Apá òsì ọpọlọ ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ohun tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n nìyẹn, òun náà ló ń mú un di ẹ̀ṣẹ́.

Oyèdèjì bi í pé ṣé ọwọ́ náà á ṣí.

"Tí a bá tètè yọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó ṣí, bàbá. Irú èyí kì í pa èèyàn tí a bá tètè rí i. Ẹ̀yin lẹ pẹ́."

Ẹ̀bùnọlá bú sẹ́kún. Dókítà rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Kì í ṣe ẹ̀rù. Láti ọdún méjì, ẹni àkọ́kọ́ nìyí tó sọ̀rọ̀ nípa ọwọ́ náà bí ọwọ́.

Wọ́n fún wọn ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹta, fún iṣẹ́ abẹ. Dókítà ní kí wọ́n dúró sí Ìbàdàn títí di ọjọ́ náà, nítorí gìrì lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ ni ọjọ́ tí Akínwọlé dá. Oyèdèjì ní òun máa lọ, òun máa fi ìwé dókítà hàn wọ́n, òun á sì padà lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀bùnọlá bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí òun nìkan gbé ìwé náà lọ.

"Ìyá Báyọ̀," ó ní, "tí mo bá sùn síbí, tí wọ́n sì gba oko, kí ni mo máa fi ọwọ́ tó bá ṣí ṣe?"

Wọ́n wọ lọ́rì padà sí Ore.

Lọ́jọ́ Sátidé, agbo ilé kún ju ti oṣù Kejìlá lọ. Gbogbo àlejò ló wá wò ó. Àwọn ọmọ òṣèlú Akínwọlé náà wà níbẹ̀, nítorí ọdún ìdìbò ni. Elizabeth, tó bá wọn wá, ka ìwé dókítà, ó ń túmọ̀ rẹ̀. Ó mú fìlà Oyèdèjì kúrò, ó fi ibi tó wú hàn. Akínwọlé na ọrùn díẹ̀. Ẹ̀bùnọlá rí i pé ó rí i. Ojú rẹ̀ rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ó bojú wo àwọn àlejò, ó bi wọ́n pé ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbé, ṣé lóòótọ́ lara bàbá yìí kò yá?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. "Bẹ́ẹ̀ ni." Ẹnì kan ì bá sọ ọ́, ọ̀ràn ì bá parí. Ogójì ọkùnrin ń wo ilẹ̀. Tí wọ́n bá ní àìsàn ni, ẹ̀ṣẹ́ wọn ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ̀bùnọlá wo Gàzálì. Gàzálì rọra dìde. Ó ní Bàbá Báyọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe aláàárẹ̀, pé àwọn jọ ṣán oko ni, ohun tí ó sì ṣe, gbogbo àwọn ló bá ṣe é. Àwọn àlejò kùn. Wọ́n rò pé ìyìn ni.

Oyèdèjì, tí kì í sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀.

"Ọwọ́ mi kò bá yín jà, Olóyè. Kò sì jà fún ẹ̀yin náà, Gàzálì. Ọwọ́ ni. Ó ń ṣàìsàn. Ẹ jẹ́ kó ṣàìsàn."

Akínwọlé ní irú ìwé yẹn, wọ́n ń kọ ọ́ tà ní Ore. Ó ní bí àìsàn ló dì í, ọwọ́ àwọn ọmọ òun máa tú u. Ó nawọ́ sí méjì nínú wọn. "Ẹ bá mi ṣí i." Wọ́n di Oyèdèjì mú ní ọrùn ọwọ́. Ẹ̀bùnọlá ta kìjí síwájú, àwọn obìnrin dì í mú. Elizabeth ń pariwo pé wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fà á, ni ọwọ́ náà ń dì sí i. Irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ kì í mọ ìgbà tí wọ́n ní kó tú. Ìka àárín dún bí igi gbígbẹ. Oyèdèjì kò ké. Ìka yẹn ló ṣí. Kò sí nǹkan kan nínú àtẹ́lẹwọ́ náà, àfi ojú ibi tí èékánná ti gún un.

Akínwọlé dìde. Ó ní òun á ronú sí i. Ó wọlé.

Ọwọ́ náà wú dé ìgbúnwọ́. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to egungun ní Àgọ́ Aláyé. Ó fi pákó so ó, ó ní kò gbọdọ̀ rìnrìn àjò kí ó tó di ọjọ́ mẹ́wàá. Ibà mú Oyèdèjì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá. Bẹ́ẹ̀dì tó wà fún un ní Ìbàdàn, ẹlòmíràn ló sùn sórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Ẹ̀bùnọlá kò dúró mọ́. Ó gba ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń to egungun, ó gbé e dé gáréèjì Ore.

Wọ́n ń dúró de ọkọ̀ Ìbàdàn nígbà tí gìrì gbé e. Ojú rẹ̀ yí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ń já fìn-ìn, lẹ́yìn náà gbogbo ara. Èrò sá. Wọ́n ní wárápá ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Dírẹ́bà tó ti gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn dá a padà, ó jù ú sílẹ̀ kí ọwọ́ wọn má baà kan ara. Ẹ̀bùnọlá na ìwé dókítà sókè. Ó ń lọ láti ojú fèrèsé ọkọ̀ kan sí òmíràn, ó ń sọ ohun tí dókítà sọ: kì í ṣe wárápá, kì í ranni, ẹran kan ló hù. Ọkọ̀ mẹ́rin lọ. Fọkanáísà kan tó ń lẹ táyà níbẹ̀ nìkan ló gbé Oyèdèjì wọ abẹ́ àtíbàbà rẹ̀, tó ká ẹ̀wù ara rẹ̀ sábẹ́ orí rẹ̀. Gìrì gbé e lẹ́ẹ̀mẹta. Kí oòrùn tó kúrò láàárín orí, ó ti kú, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ olówó ń sáré lórí rẹ̀ lọ sí Èkó.

Irú èyí kì í pa èèyàn. Dókítà wí bẹ́ẹ̀.

Wọn kò tíì wẹ òkú tán ní Ajue tí Gàzálì àti àwọn àgbà àlejò fi dé. Ojú wọn pọ́n. Wọ́n ti gba lọ́rì. Wọ́n fẹ́ gbé òkú náà lọ sí Àkúrẹ́, kí ìjọba wá wo ohun tí onílẹ̀ fi ojú àlejò rí. Wọ́n ní kí wọ́n má tú pákó ìka rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ọwọ́ náà hàn. Ẹ̀bùnọlá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe àsíá nígbà tó wà láàyè," ó ní. "Ẹ kò ní fi òkú rẹ̀ ṣe pátákó. Ẹ mú ọkọ́ wá."

Wọ́n mú ọkọ́ wá. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sínú oko, láàárín igi kòkó tó kọ́kọ́ gbìn. Báyọ̀ ti Wàrì dé lọ́jọ́ kejì. Olùṣọ́ ìjọ wá láti Odigbo. Wọ́n ti sọ pósí kalẹ̀ nígbà tí Píjò funfun dúró lẹ́nu ọ̀nà oko. Akínwọlé rìn wọlé, ó wọ aṣọ dúdú. Àwọn àlejò yà fún un. Ó dúró létí kòtò, ó kí Ẹ̀bùnọlá kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ó ní kí ó má bọkàn jẹ́, àmúwá Ọlọ́run ni. Ó ní òun fi oko náà sílẹ̀ fún Ẹ̀bùnọlá àti Báyọ̀, nítorí àánú. Ó sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́.

Ẹ̀bùnọlá kúnlẹ̀. Ó dúpẹ́. Olùṣọ́ ti ṣí ìwé rẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n Ẹ̀bùnọlá kò dìde.

"Olóyè, ẹ má tíì lọ. Mo mọ èyí tí Ọlọ́run mú wá. Ẹ ní ọkọ mi bú yín. Níwájú àwọn wọ̀nyí lẹ ti sọ ọ́. Ẹ sọ ohun tó ṣe é."

Akínwọlé wo Píjò rẹ̀. Ó wo kòtò. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó tẹ̀lé e ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

"Àìsàn ni," ó ní. "Kò bú mi."

"Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́, Olóyè."

Ó gbé ohùn sókè. "Àìsàn ló ń ṣe Oyèdèjì. Kò bú mi. Èmi ni mi ò gbọ́."

Ẹ̀bùnọlá yí orunkún padà, síbi tí àwọn àlejò wà. Kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Gàzálì ni ó tẹjú mọ́. Ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, yẹ̀pẹ̀ wà lára ọkọ́. Ẹnu rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n níbẹ̀, ń yí láìsí ohùn.

"Àìsàn ni," ó ní. "Mo mọ̀. Mo ti mọ̀ tipẹ́."

Ẹ̀bùnọlá dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò ní orunkún rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa bò ó.